Lẹ́tà ṣíṣí sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó: owó omi àti owó ṣálángá ti pọ̀ jù fún wa

Ẹ̀yin ọlọ́lá wa ní Aláúsà, gbogbo ẹ̀yin ogójì tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, ẹ kúuṣẹ́ ìlú o. Mi ò fẹ́ fọ̀rọ̀ gùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ owó omi ni, ọ̀rọ̀ yẹn ò sì kúrú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò, torí àwọn tó máa ń sọ lórí rédíò pé omi pọ́ọ́kú l'Ékòó, pé ará ìlú ni ò fẹ́ sanwó, mo rò pé wọn ò jókòó ṣírò ẹ̀ rí. Ká mú ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún kan ní Mushin, bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta. Ká ní kí ẹnì kan lo 20 lítà lójúmọ́, ìyẹn kékeré ni, Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra wọn ò kà á sí ju pé kéèyàn ṣáà má kú lọ, èèyàn á mu, á fi se oúnjẹ, á fi bọ́jú, aṣọ fífọ̀ ò tíì wọ̀ ọ́ dáadáa. 100 lítà nìyẹn fún gbogbo ilé, kẹ́ẹ̀gì 25 lítà mẹ́rin. Ká tún ní mẹ́rúwà tó ń fi ọmọlanke ta omi kiri ń ta kẹ́ẹ̀gì kan ní ₦100, mo ní ₦100 torí mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé mò ń bù mọ́ ọn, tí iná bá lọ ọjọ́ mẹ́ta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. ₦400 lójúmọ́, ₦12,000 lóṣù. Ẹ wá fi píọ̀ wọ́tà tí wọ́n ń mu sí i, báàgì kan fún ọjọ́ méjì, ká pè é ní ₦400, ₦6,000 lóṣù. Gbogbo ẹ̀ di ₦18,000. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba Èkó kéde ní 2024, ₦85,000 ni. Ẹni tó ń gba ₦85,000 yẹn, tó bá jẹ́ òun nìkan ló ń mówó wọlé, ó ti ná ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ sórí omi kó tó ra gàárì, kó tó sanwó ilé, kó tó wọ dáńfó. Àwọn tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí kárí ayé, náírà mẹ́ta sí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ní kéèyàn máa ná sórí omi, tó bá ti ju ìyẹn lọ ìnira ni.

Ẹ tún wò ó báyìí. Báàgì píọ̀ wọ́tà kan, ogún ọ̀rá, lítà mẹ́wàá péré ló wà nínú ẹ̀. Tí mo bá fẹ́ ra ẹgbẹ̀rún lítà lówó yẹn, ₦40,000 ni. Lọ́wọ́ mẹ́rúwà, ₦4,000. Ẹni tó lówó ní tiẹ̀, ó ti gbẹ́ bóhòlù, ó ti ra ẹ̀rọ sùmó tó ń fa omi, ó ti gbé sólà sórí òrùlé, ohun tó ń ná lórí lítà kan báyìí ò jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Ẹni tí ò lówó ló ń ra omi tó wọ́n jù. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn, gbogbo ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín lórí ẹ̀ látòkè délẹ̀ lẹ́tà yìí, ibẹ̀ ló ti wá.

Ọ̀rọ̀ owó omi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílùú yìí o. Ní 1908 tí gómìnà òyìnbó ìgbà yẹn, Walter Egerton, ní àwọn fẹ́ fa omi ẹ̀rọ wọ Èkó kí ará ìlú sì máa sanwó ẹ̀, ìlú yarí. Ọdún yẹn gan-an ni Dókítà John Randle àti Dókítà Òrìṣàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ torí ẹ̀. Ohun táwọn baba wa ń sọ ni pé a ní kànga, ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́ páìpù, àwọn òyìnbó lẹ fẹ́ fa omi fún, ẹ wá fẹ́ kí àwa gbówó kalẹ̀. Wọ́n ṣáà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ omi Ìjù ní 1910. Nígbà tó di 1916 tí wọ́n fẹ́ máa gba owó omi, ìlú tún gbóná, Ọba Èṣùgbàyí Elékò sì wà lẹ́yìn àwọn èèyàn ẹ̀. Ìdí tí mo fi ń rán yín létí ni pé mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà mélòó kan pé ará Èkó ò láṣà àtisanwó omi. Irọ́ ni. Àwọn ti 1908 ò fẹ́ sanwó ohun tí wọn ò gbádùn, àwa tòní ń sanwó láàárọ̀ lálẹ́, tọwọ́ tọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọlanke, kò sí rìsíìtì, kò sí pé mò ń bọ̀ lọ́la. Ẹni tó bá lè gba ₦12,000 lọ́wọ́ wa lóṣù láìjanpata, kí ló dé tí ìjọba ò lè gba ìdajì ẹ̀ kó sì fún wa lómi tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Mo mọ̀ pé omi ń náni lówó. Mi ò sí lára àwọn tó ń ní kẹ́ ẹ máa pín in lọ́fẹ̀ẹ́ bíi ìrẹsì àsìkò ìdìbò. Odò Ògùn lomi ilé-iṣẹ́ omi Ìjù àti ti Adíyàn ti ń wá, wọ́n á fà á ní Akútè, ìdídò Ọ̀yán tí wọ́n ṣí ní 1983 ló ń bá wọn di odò mú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á da álọ́ọ̀mù sí i kí ẹrẹ̀ rọlẹ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi kílórínì pa kòkòrò inú ẹ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n á wá fẹ̀rọ tì í gba inú páìpù lọ sínú ìlú. Iná ló ń ṣe gbogbo ẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2024 tí ìjọba àpapọ̀ gbé owó iná Band A, ti àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù, láti ₦68 lọ sí ₦225 fún yúníìtì kan, àwa tá à ń wo tẹlifíṣọ̀n rò pé ọ̀rọ̀ firíìjì àti áyọ̀ọ̀nù ni, ọ̀rọ̀ omi ló jẹ́ náà, ó kan ẹni tó ń fẹ̀rọ fa omi lóròòru. Gbogbo ilé-iṣẹ́ omi ìjọba Èkó pátá, tí gbogbo wọn bá ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wọn, 210 mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù ni wọ́n lè mú jáde lójúmọ́, ó sì ti pẹ́ tí ìṣirò ìjọba fúnra wọn ti fi hàn pé ohun tí ìlú nílò ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Adíyàn kejì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2013, ìgbà Fashola, ẹ̀yin lẹ mọ ìròyìn ẹ̀ jù mí lọ.

Nítorí náà owó ìlú gbọ́dọ̀ wọ ọ̀rọ̀ omi. Àríyànjiyàn tèmi ni ibi tí owó yẹn ń lọ. Tí ìjọba bá fi owó orí gbogbo wa sanwó iná àti kẹ́míkà kí bíìlì má bàa wọ́n, ta ló jẹ ẹ́? Ẹni tí páìpù wọ ilé ẹ̀ ni. Ẹni tó wà ní Makoko, ní Àjẹ́gúnlẹ̀, tí páìpù ò dé òpópónà ẹ̀ rárá, tàbí tó dé òpópónà tí kò wọlé, kò rí kọ́bọ̀ nínú ẹ̀, mẹ́rúwà ò sì ní torí pé ìjọba dín bíìlì kù kó bá òun náà dín ti kẹ́ẹ̀gì kù. Owó ìrànwọ́ tó ń lọ sórí bíìlì, àwọn tó ti wà nínú ilé ló ń jẹ ẹ́, àwa tá a wà lẹ́nu ọ̀nà kàn ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ ni. Ẹ gbé owó yẹn, tàbí èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, lọ síbi fífa omi wọlé.

Àwọn kan á ní kò ṣeé ṣe. Ẹ bi àwọn ará Èjìgbò ti Ọ̀ṣun tó kún Abidjan fọ́fọ́. Ní Côte d'Ivoire, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń yọ owó díẹ̀ lórí bíìlì omi àwọn tó ní ẹ̀rọ, tí wọ́n ń kó o sínú àpò kan lọ́tọ̀, àpò yẹn ni wọ́n fi ń fa omi wọ ilé àwọn tí ọwọ́ wọn ò tẹ̀ ẹ́. SODECI tó ń ṣe iṣẹ́ náà, ilé-iṣẹ́ aládàáni ni, kì í ṣe pé àánú ló ń ṣe wọ́n, òfin àti owó tó wà nílẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Senegal náà ṣe irú ẹ̀. Níbi tiwa, téèyàn bá fẹ́ fa omi wọ yáàdì, á ra páìpù, á wá púláńbà, á sanwó kí wọ́n lè la títì, á san fọ́ọ̀mù, á ra mítà, lánlọ́ọ̀dù á ní òun ò ráyè ẹ̀ torí kì í ṣe òun ló ń gbé ibẹ̀, tẹ́náǹtì á ní òun ò lè fi owó òun tún ilé onílé ṣe. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa ń kú sí. Owó kan gbòógì tó gbọ́dọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí ẹni tó lè san ₦3,000 lóṣoṣù rí omi. Tí ìjọba bá san owó ìfàwọlé yẹn, tàbí kí wọ́n pín in sí ọdún mẹ́ta sórí bíìlì, tòru tọ̀sán làwọn èèyàn á máa wá forúkọ sílẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ilé face-me-I-face-you, torí gbogbo ètò omi tí mo ń kà nípa ẹ̀, ó jọ pé ẹni tó ń gbé fúláàtì ló ń kọ ọ́. Wọ́n á ní kí ẹni tó lo omi díẹ̀ san owó pọ́ọ́kú fún lítà kan, kí ẹni tó lo púpọ̀ san èyí tó wọ́n. Ó dùn létí. Àmọ́ mítà kan ṣoṣo ló máa wà lẹ́nu géètì ilé oníyàrá mẹ́wàá tí ogójì èèyàn ń gbé inú ẹ̀, mítà ò mọ ogójì, yóò máa ka gbogbo wọn bí ẹnì kan ṣoṣo tó ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́ lẹ́yìnkùlé. Tálákà á wá máa san owó olówó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní South Africa nìyẹn. Ní 2001 ni ìjọba wọn ní kí ìdílé kọ̀ọ̀kan máa gba 6,000 lítà lọ́fẹ̀ẹ́ lóṣù, ohun ńlá ni, mo kí wọn. Ìṣirò wọn ni pé kí èèyàn mẹ́jọ rí 25 lítà lójúmọ́. Ẹ gbé e wá sí yáàdì ẹlẹ́ni ogójì wa, lítà márùn-ún péré ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò tó fi wẹ ọmọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi irú ẹ̀ sófin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á ní yàrá yàrá, ẹ má kà á ní géètì géètì. Kẹ́tékà ilé mọ iye yàrá tó wà, àwọn tó ń gba owó ilẹ̀ àti owó iná náà mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ohun tó le.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ mítà prepaid tí wọ́n fẹ́ràn àtimáa fi dẹ́rù bà wá. Iná prepaid, a ti mọ́ ọn lára, tó bá tán a ó tan tọ́ọ̀ṣì. Omi ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Phiri ní Soweto, South Africa yẹn náà, gbé ọ̀rọ̀ mítà prepaid lọ sílé ẹjọ́ títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lórí òfin orílẹ̀-èdè wọn, ní 2009 ilé ẹjọ́ gbè fún ìjọba ìlú Johannesburg. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kẹ́ ẹ sọ fún wa pé tí nǹkan bá bàjẹ́ a lè lọ sílé ẹjọ́. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin látìbẹ̀rẹ̀. Ní England, ìgbà tí wọ́n ta àwọn ilé-iṣẹ́ omi fún aládàáni ní 1989, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ni wọ́n já omi wọn torí gbèsè, ariwo pọ̀ débi pé nígbà tó di 1999 wọ́n fòfin dè é: ilé-iṣẹ́ omi lè pe onígbèsè lẹ́jọ́, kò lè já omi ilé tí èèyàn ń gbé. Ẹ bi àwọn èèyàn wa ní Peckham. Wọ́n tún ní ètò kan tó ń jẹ́ WaterSure, ìdílé tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba tó sì lọ́mọ tó ó mẹ́ta, tàbí tí aláìsàn tó nílò omi púpọ̀ wà lọ́dọ̀ wọn, bíìlì wọn ní ibi tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Orílẹ̀-èdè tó fi omi ṣòwò pọ́ńbélé nìyẹn o, síbẹ̀ òfin wà.

Ní tiwa, òfin 2004 ló dá àjọ tó yẹ kó máa ṣọ́ iye owó omi sílẹ̀ l'Ékòó, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ bi èèyàn mẹ́wàá ní ọjà Mushin bóyá wọ́n mọ̀ pé ó wà. Nígbà tẹ́ ẹ sì ṣe òfin àyíká ní 2017, ohun tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ gbé sójú táyé ni pé ẹ fẹ́ sọ ẹni tó gbẹ́ bóhòlù tàbí tó ta omi láìgbàwé di ọ̀daràn. Mo gbà pé ó yẹ kí ìjọba mọ ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀, gbogbo wa là ń fa omi kan náà lábẹ́lẹ̀, tá a bá fà á jù ní Lẹ́kí omi iyọ̀ á wọlé dé. Àmọ́ kí wọ́n tó ní kéèyàn jáwọ́ nínú omi tó ní, kí wọ́n ti fún un ní òmíì.

Ó ku ṣálángá, èyí tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ nígbà ìpolongo ìbò. Èkó ò ní páìpù ẹ̀gbin àfi láwọn ẹ̀sítéètì díẹ̀ bíi Festac, sọkawéè ni gbogbo wa ń lò. Bó ṣe máa ń rí ní yáàdì nìyí. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gọ́, tẹ́ ẹ bá da omi sí i á máa pọ bọ̀ọ́bọ̀ọ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan òórùn á wọ ilé ìdáná. Kẹ́tékà á mú ìwé ẹ̀ sábẹ́ apá, á máa kanlẹ̀kùn yàrá kan sí èkejì. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà á ní àwọn ọmọ òun ti lọ sí bọ́dìn, kí wọ́n ka òun sí ẹnì kan. Bọ̀dá tó wà ní yàrá ẹ̀yìn á ní òun kì í yàgbẹ́ nílé, ibi iṣẹ́ lòun ti ń ṣe é. Lánlọ́ọ̀dù á ní kì í ṣe òun ló kún un. Owó ò ní pé. Awakọ̀ tó ń gbé ẹ̀gbin ò ní gba àbọ̀ owó, torí ibi tó ti máa lọ dà á jìnnà, dísẹ́ẹ̀lì ló sì fi ń lọ. Wọ́n á wá dúró de òjò. Lóru ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ dáadáa, ẹnì kan á fi irin gbé ìdérí sọkawéè díẹ̀, á já a sí gọ́tà, kò sẹ́ni tó máa rí i, gbogbo wa la máa mọ̀. Láàárọ̀ ọmọ ilé ìwé á fò ó kọjá, yóò ṣàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga tí kò tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí i. Ní oṣù kẹfà 2024 tí kọ́lẹ́rà bẹ́ sílẹ̀, ní Etí-Ọ̀sà, Ìsàlẹ̀ Èkó, Ìkòròdú, Kósọ́fẹ́, a gbọ́ pé ká fọwọ́, ká se omi ká tó mu ún. A gbọ́. Gáàsì tá a máa fi se omi ńkọ́?

Ohun tó lè tètè yanjú èyí ò tó nǹkan ńlá. Ní Dakar, ONAS tó ń rí sí omi ẹ̀gbin fún ìjọba Senegal ṣètò nọ́ńbà kan, tí sọkawéè yín bá kún ẹ pe nọ́ńbà yẹn, wọ́n á fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn onílọ́rì, oníkálùkù á dá iye tó máa gbà, ẹni tó dá èyí tó kéré jù ló ń bọ̀ wá. Ṣáájú ìgbà yẹn, ohun tó bá wu onílọ́rì ló ń pè. Àwa náà lè ṣe é, kẹ́ ẹ tún wá fi èyí kún un: dípò kí ilé máa wá owó rẹpẹtẹ lọ́jọ́ tó bá kún, kí yàrá kọ̀ọ̀kan máa san díẹ̀ lóṣoṣù, kí ọkọ̀ máa wá lásìkò tí wọ́n ti kọ sílẹ̀, yálà ó kún tàbí kò kún, kí ìjọba sì gbé ibi ìdàsí sún mọ́ àwọn àdúgbò tó pọ̀ lérò. Tó bá sún mọ́, owó á já. Kò sẹ́ni tó máa já ṣálángá sí gọ́tà tó bá ti sanwó ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tí mo bá ní kí n yan ọ̀kan nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, mo lè yan èyí ṣáájú omi pàápàá, ẹ má sọ fún àwọn ará yáàdì wa.

Ẹ jẹ́ n tún sọ ìkan kẹ́ ẹ má bínú sí mi. Àwọn bóhòlù ónárébù. Ẹ mọ èyí tí mò ń sọ, táńkì dúdú lórí irin, orúkọ àti fọ́tò lára ẹ̀, ẹnu ẹ̀rọ mẹ́fà. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i, ìlù, aṣọ ẹgbẹ́. Tó bá ti pẹ́ díẹ̀ sùmó á jóná, kò sẹ́ni tí wọ́n fún lówó àtúnṣe, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ni ín, àwọn ọmọ àdúgbò á yọ ẹnu ẹ̀rọ lọ tà. Owó mélòó ló ti bá a lọ? Ẹ kó owó yẹn jọ, gbogbo ẹ̀yin ogójì, ọdún kan péré, ẹ fi bẹ̀rẹ̀ àpò ìfàwọlé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Mo mọ̀ pé kò ní sí ibi tí fọ́tò máa wà lára páìpù tó wà lábẹ́ ilẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá gbé òfin kankan wá lórí ọ̀rọ̀ yìí, kó ní iye owó nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n á máa kéde lọ́dọọdún, iye ilé tí omi wọ̀ àti àdúgbò tó wà, kí ẹnikẹ́ni lè kà á. Ẹ sì má pe ìpàdé ìtagbangba sí Aláúsà láago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, àwọn lọ́yà àti àwọn NGO nìkan ló máa wá. Ẹ gbé e wá sí Mushin tàbí Àjẹ́gúnlẹ̀ lọ́jọ́ Sunday lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ sì ṣe é ní Yorùbá, ẹ̀yin lẹ ṣe òfin 2018 pé kí wọ́n máa kọ́ ọ nílé ìwé. Ẹ pe àwọn mẹ́rúwà náà, kẹ́ ẹ wá ẹni tó máa gbọ́ Hausa fún wọn, torí kò sí ẹ́ńjíníà kankan tó mọ ibi tí páìpù ti gbẹ àti ọjọ́ tó gbẹ tó àwọn yẹn.

Ẹ kú ìmúra ìjókòó ilé o.

Èmi ni,
tẹ́náǹtì kan ní Mushin